Ẹyin Tí A Kì Í Yí

Òròmọdìyẹ ló mú èmi àti ìyàwó mi mọra. Mo tètè sọ èyí torí pé àwọn èèyàn máa ń rò pé ejò ni. Ejò ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká.

Nígbà yẹn, mo máa ń lọ sí ilé ẹ̀rọ Bàbá Aládìyẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bàbá náà ní àwọn àpótí ńláńlá tó ń fi iná sàba lé ẹyin. Tí àwọn òròmọdìyẹ bá ti jáde, abo ni àwọn olóko máa ń rà. Wọ́n á kó àwọn akọ sínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ní owó pọ́ọ́kú, fún ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe. Èmi ni mo máa ń ní ohun tí mo fẹ́ fi wọ́n ṣe. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè rí, àfi lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bọ́ sí ìdí káńtà.

Ó dúdú, ara rẹ̀ sì ń dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró pa ara. Adúmáradán ni gbogbo ilé ń pè é. Òròmọdìyẹ kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ń sùn.

"Ṣé adìyẹ lẹ̀yin náà ń sìn ni?" ó bi mí.

"Rárá."

"Kí lẹ wá ń fi akọ ṣe? Akọ ò kúkú yé ẹyin."

"Oúnjẹ ni."

"Oúnjẹ ta ni?"

Mo wo òkè àjà, mo wo ìta. "Ejò."

Mo rò pé á pariwo. Ohun tí àwọn obìnrin mìíràn ṣe nìyẹn. Kò pariwo. Ó wo òròmọdìyẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e pa mọ́ sẹ́yìn káńtà, ó ní, "Èyí ò sí lára tiyín o. Ejò mélòó?"

"Wọ́n pọ̀."

"Kí ló ń jẹ́ wọ́n pọ̀? Méjì pọ̀. Ogún náà pọ̀."

"Wọ́n ju ogún lọ."

"Ẹ sì ń sùn sínú ilé yẹn?"

"Ṣé kí n wá máa sùn síta ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Mo gbé páálí mi, mo sì ti rìn jìnnà kí n tó rántí pé mi ò gba ṣéńjì mi.

Òjòlá ni mò ń sìn, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tó ń gbé ewúrẹ́ mì. Kékeré ni tèmi, ojú sì máa ń tì wọ́n. Tí ẹ̀rù bá bà wọ́n, wọn kì í buni jẹ. Wọ́n á ká ara wọn jọ bíi bọ́ọ̀lù, wọ́n á ki orí bọ àárín. Bí Ọlọ́run ṣe dá wọn, dúdú àti àwọ̀ ilẹ̀ ló máa ń wà lára wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan á jáde ní funfun báláú, tàbí kó pọ́n bí ọsàn, tàbí kó jẹ́ kálàkìnní, apá kan funfun, apá kan aláwọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n mọ akọ tí mo máa fi sọ́dọ̀ abo, kí irú àwọn bẹ́ẹ̀ lè jáde.

Nígbà tí mo tún lọ, ó ti ń dúró dè mí pẹ̀lú ìbéèrè.

"Báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó máa bí funfun?"

"Funfun lè fara pa mọ́ sínú ejò tó rí bí gbogbo ejò. Ẹ ò ní rí i lára rẹ̀. Àfi tẹ́ ẹ bá rí akọ tó gbé e pa mọ́ àti abo tó gbé e pa mọ́. Tí àwọn méjèèjì bá pàdé, bóyá nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan á gbé e jáde."

Ó ronú sí i. "Ìyẹn ni pé ó lè wà lára ẹnì kan títí tó fi máa kú, kó má mọ̀."

"Tí kò bá pàdé irú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí lẹ̀yin wá gbé pa mọ́?"

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń wá èsì ìbéèrè yẹn nídìí iṣẹ́, tí mò ń fọ abọ́ omi àwọn ejò, tí mò ń sọ̀rọ̀ sí wọn létí bí ẹni tórí rẹ̀ dàrú. Nígbà tí mo padà, mo ní, "Ìwọ ni mo gbé pa mọ́." Ojú tì mí gan-an. Ó yí ojú sí ògiri, ó ní, "Ọ̀sẹ̀ kan lo fi wá èyí?" Bó ṣe di pé a kì í pe ara wa lẹ́yin mọ́ nìyẹn.

Ó wá sílé mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Yàrá tí mò ń lò fún àwọn ejò mọ́ ju yàrá tí mò ń sùn sí lọ. Àwọn ike wọn wà létòlétò lórí pákó láti ilẹ̀ dé òkè, abọ́ omi kọ̀ọ̀kan nínú wọn. Mo gbé èyí tó pọ́n jáde. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó fi apá kan ara yà sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ sá, ṣùgbọ́n kò ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Ejò náà fà lọ sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ó tutù," ó ní.

"Ọwọ́ rẹ ló gbóná."

Mo fi abo ńlá kan hàn án tó wà nísàlẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ lásán ló ní. Mo sọ fún un pé láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ò tíì hù ni mo ti ń wá kálàkìnní kan tí ibi tó ní àwọ̀ lára rẹ̀ máa pọ́n bí iyùn. Mo ti fi akọ yìí sọ́dọ̀ abo yẹn, mo ti tọ́ àwọn ọmọ wọn dàgbà, mo ti fi ọmọ ti apá kan sọ́dọ̀ ọmọ ti apá kejì. Abo yìí àti akọ tó wà lókè níbẹ̀ yẹn ló gbé gbogbo rẹ̀ pa mọ́.

"Tó bá wá jáde ńkọ́?"

"Màá kọ́kọ́ fi hàn ọ́."

"Kí o fi han Bàámi," ó ní. Ó ti ń ronú ibi tí èmi ò tíì dé.

Bàbá rẹ̀ gbọ́ kó tó di pé a sọ fún un. Ìyá Adúmáradán ti kú nígbà tó wà ní kékeré, bàbá yẹn nìkan ló tọ́ ọ láàárín ẹ̀rọ àti ẹyin. Mo dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, àwọn oníbàárà tò dé ẹnu ọ̀nà. Òun fúnra rẹ̀ ló wà ní káńtà.

"Ìwọ ni Eléjò?"

"Èmi ni, sà."

"O ti gbé òròmọdìyẹ mi mì tán, ó wá ku ọmọ mi?"

Gbogbo èrò fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Obìnrin kan ní kí n ṣáà máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Adúmáradán yọjú látẹ̀yìn, ó ní, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́," bàbá náà ní kó wọlé. Mo gbé páálí tí mo ti mú lélẹ̀. Mi ò bínú níta. Mo kàn sọ lọ́kàn ara mi pé ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ra eku ní apá kejì ìlú, níbi tó jẹ́ pé kí n tó dé ibẹ̀ ẹsẹ̀ á ti máa ro mí. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Adúmáradán ló máa ń wá bá mi. Ó máa ń bá mi fọ abọ́ omi, tí ìdákẹ́ mi bá sì pọ̀ jù, á fi ọwọ́ tútù pa mí lọ́rùn. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Bàámi ní kí o kó gbogbo wọn dànù, àwọn á wá gbọ́ tẹnu rẹ."

"Kí làwọn fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó kó ayé rẹ̀ dànù?"

"Mi ò ní kí o kó wọn dànù. Mo ń jíṣẹ́ ni." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n mi ò lè fẹ́ ọkọ tí Bàámi ò ní lè wọ ilé rẹ̀. Àwa méjì péré la ní ara wa."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù, torí ọmọbìnrin yìí kì í halẹ̀.

Ni mo bá lọ bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Aránṣọ ni, ahọ́n rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ní kó bá wa ṣe alárinà. Ó gbọ́ ọ títí, ó gé òwú lẹ́nu, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó mìíràn, èèyàn á máa wò ó bóyá ejò lọ́wọ́ nínú. Tìrẹ, ó kó odindi ara sí i."

Ó lọ bá Bàbá Aládìyẹ. Bàbá náà ní ọmọ òun kan ṣoṣo ò ní lọ máa gbé inú ihò. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ ti dé ibẹ̀ rí ni, ẹ fi mọ̀ pé ihò ni?" Ó ní òun ò dé ibẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n mi ní àgbà kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Bàbá ní ó dáa, òun á lọ wò ó, ṣùgbọ́n kí wọ́n má sọ fún mi, kí n má baà rò pé òun wá kí mi ni. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń ròyìn èyí fún mi lẹ́yìn náà, ó ní orí kunkun wa tó ohun tí wọ́n lè fi lọ ata.

Láàárín àkókò yẹn, abo mi ti yé ẹyin, mẹ́jọ, wọ́n funfun, awọ wọn rọ̀. Mo yà wọ́n sọ́tọ̀ kí wọ́n tó lẹ̀ mọ́ra, mo tò wọ́n sínú ike lórí ohun tó rin díẹ̀, mo gbé wọn sínú àpótí tí mò ń mú gbóná. Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sórí ẹyin kọ̀ọ̀kan, lókè. Ẹyin ejò kì í ṣe ti adìyẹ. Ọmọ inú rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ òkè. Bí ìyá bá ṣe yé e sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà títí tó fi máa pa. Tí èèyàn bá yí i nígbà tó ṣì kéré, ohun tó ń bọ́ ọ náà ló máa rì í. Ìlà yẹn ló ń sọ fún mi pé òkè ṣì wà lókè.

Ọ̀nà eku ni mo wà lọ́jọ́ tí bàbá náà wá. Nígbà tí mo dé, Adúmáradán pàdé mi lẹ́nu ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Bàámi wá," ó ní. "Wọ́n wo gbogbo rẹ̀. Wọ́n ṣí ike kan wò, wọ́n tún ṣí òmíràn. Wọ́n bi mí ta ló ń fọ abọ́ omi, mo ní ìwọ ni. Wọ́n ní kò sí òórùn."

"Kò sí òórùn," mo ní. Inú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, mi ò fẹ́ kó hàn.

"Mo lọ bu omi wá fún wọn, nígbà tí mo padà, wọ́n wà nídìí àpótí tó gbóná, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín yẹn. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé o gbàgbé láti yí ẹyin rẹ lónìí, ṣùgbọ́n kí o má ṣèyọnu, àwọn ti bá ọ yí wọn."

Mo sọ eku ọwọ́ mi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣe. Àwọn tó ń fi ọwọ́ yí ẹyin adìyẹ máa ń kọ àmì méjì sára rẹ̀, ìlà tó dábùú ara wọn sí apá kan, òdo sí apá kejì. Ìlà lókè láàárọ̀, òdo lókè nírọ̀lẹ́. Tí wọn ò bá yí i, ọmọ inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ èèpo, á kú. Bàbá Aládìyẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí kí ẹ̀rọ tó ń yí ẹyin fúnra rẹ̀ tó dé. Ó wo àpótí mi, ó rí ìlà lókè gbogbo ẹyin, ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ti gbàgbé. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń yí ọmọ tó ń sùn.

Mo ṣí àpótí. Kò sí ìlà kankan lókè. Funfun ni gbogbo rẹ̀.

Mo dá wọn padà bí mo ṣe lè dá wọn padà. Adúmáradán jókòó sílẹ̀. Ọmọ ẹlẹ́yin ni, kò pẹ́ tó fi yé e.

"Ṣé wọ́n ti kú?"

"A ó máa wò ó."

A ń wò ó. Àwọn ẹyin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọnú lọ́kọ̀ọ̀kan, awọ wọn ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo ń mú wọn jáde, mo ń sin wọ́n sẹ́yìn ilé. Lẹ́nu ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n mi dé pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Bàbá ti gbà," ó ní. "Ó ní ẹni tó lè ní sùúrù fún ẹyin tó bẹ́ẹ̀, á ní sùúrù fún èèyàn. Ó ní gbígbàgbé díẹ̀ ló kù tó ń bá ọ jà, òun á máa rán ọ létí."

"Òun á máa rán mi létí," mo ní. Ohùn mi ò dára. "Èmi náà á lọ rán an létí lónìí."

Adúmáradán di ọwọ́ mi mú. "Má sọ fún wọn. Jọ̀ọ́. Bàámi ò gbà pé àwọn ṣe àṣìṣe rí láyé wọn. Ojú á tì wọ́n, ìtìjú yẹn á sì di ìbínú. Ohun tí wọ́n gbà lónìí, wọ́n á kọ̀ ọ́ lọ́la, wọn ò sì ní yí i padà mọ́."

"Ó pa ohun tí mo ti ń wá láti kékeré."

"Mo mọ̀."

"Kò tiẹ̀ béèrè. Ẹnu lásán, kò lè là á, kó béèrè."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo sì ń bẹ̀ ọ́."

Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní mi ò ní sọ. Mo ṣe ìlérí náà, mo sì ń bínú bí mo ṣe ń ṣe é.

Ẹyin méjì ló yè. Nígbà tí wọ́n pa, àwọ̀ ilẹ̀ lásán ni méjèèjì. Mo fún wọn lómi. Adúmáradán ní wọ́n dára, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa láti wá tọrọ ọmọ ṣe ń súnmọ́, mo ń wo ara mi, ó sì ń kọ mí lóminú. Ṣé èmi yìí ni màá máa dọ̀bálẹ̀ fún ọkùnrin yìí lọ́dọọdún, tí màá máa rẹ́rìn-ín, tí ọ̀rọ̀ ẹyin yẹn á há mi lọ́fun bí eegun? Tí mo bá wá ń wo ojú ìyàwó mi, tí mò ń rí ojú bàbá rẹ̀ níbẹ̀ ńkọ́? Ìfẹ́ rẹ̀ ò dín lọ́kàn mi. Èmi ni mi ò fọkàn tán ara mi.

A lọ ṣá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹsẹ̀ mi tún tẹ ilé ẹ̀rọ yẹn nìyẹn. Wọ́n gbé àga fún wa nínú yàrá tó wà lẹ́yìn káńtà, tí ìró àwọn ẹ̀rọ ń gbà wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi sọ ohun tí a bá wá. Bàbá Aládìyẹ ń mi orí, inú rẹ̀ dùn, ó sì kọjú sí mi.

"Ẹyin wa ńkọ́?"

"Wọ́n ti pa, sà."

"Mélòó?"

"Méjì, sà."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Méjì? Mẹ́jọ ni mo fọwọ́ ara mi yí. Ṣé iná lọ ni?"

"Rárá, sà."

"Àbí akọ ni kò dáa?"

"Akọ dáa, sà."

"Kí ló wá pa mẹ́fà?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń wo èékánná rẹ̀. Mo wo fèrèsé. Mo ti ṣèlérí, mo sì pa eyín pọ̀ débi pé etí mi ń dún.

"Wọn kì í yí ẹyin ejò, Bàámi."

Adúmáradán ló sọ̀rọ̀. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Adìyẹ ló ń yí tiẹ̀. Ejò á yé e, á wé mọ́ ọn, kò sì ní yí i títí tó fi máa pa. Ìlà tí ẹ rí lórí wọn, òkè ló ń tọ́ka sí. Kì í ṣe pé ó gbàgbé."

Mo yíjú sí i. "Ìwọ lo ní kí n má sọ."

"Mo ní kí ìwọ má sọ ni. Mi ò ní èmi ò ní sọ." Ó súnmọ́ wa. "Mo ń wò ọ́ láti ìgbà tí o ti jókòó. Mo mọ ẹni tí mo fẹ́ fẹ́. Tísà tó nà ọ́ láìṣẹ̀ ní kíláàsì kẹrin, tí o fi fi iléèwé sílẹ̀, o ṣì ń yà fún un lójú ọ̀nà títí dòní. Mi ò lè wọ ilé tí o ó ti máa bá Bàámi jà nínú ikùn rẹ títí a ó fi darúgbó. Ẹ bá ara yín jà báyìí, kí n máa wò yín."

Bàbá Aládìyẹ tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ wọn bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni wọ́n. Ó yíjú sí mi.

"O mọ̀ láti ọjọ́ yẹn?"

"Mo mọ̀, sà."

"Ṣé ò ń bínú sí mi?"

Mo wo Adúmáradán. Kò ṣẹ́jú sí mi, kò mi orí. Ó fi mí sílẹ̀ fún ara mi. Mo mọ̀ pé tí mo bá ní rárá, màá mú un lọ sílé lọ́jọ́ náà. Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bóyá ni màá tún rí i mọ́.

"Mò ń bínú, sà. Ó pọ̀ gan-an."

"Ó ti bà á jẹ́," ẹ̀gbọ́n mi ní lábẹ́ ẹnu.

Bàbá náà mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ó dáa. Ká ní o rẹ́rìn-ín sí mi ni, ǹ bá má fún ọ lọ́mọ. Ẹni tó lè rẹ́rìn-ín sí mi lórí irú èyí, kí ni kò ní lè fi pa mọ́ fún ọmọ mi?" Ó tún wo ọwọ́ rẹ̀. "Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ba ẹyin kankan jẹ́ rí láyé mi. Má bínú."

Adúmáradán fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ò gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì yẹn lẹ́nu bàbá òun rí, kódà sí ìyá òun.

"Mo gbọ́, sà," mo ní. "Ṣùgbọ́n kò tíì tán nínú mi."

"Ta ló ní kó tán lónìí? Tí ìbínú náà bá ti ru, máa wá síbí, wá bá mi jà. Èmi wà nílé. Òun nìkan ni kí o má bá jà."

Bó ṣe fún mi lọ́mọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ló rán aṣọ tí Adúmáradán wọ̀, ó sì ń bú èmi àti bàbá náà bó ṣe ń rán an.

Ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni mo ti lọ bá a jà. Ó máa ń gbọ́ mi tán, á sì ní kí n jókòó. Nígbà tí abo mi tún yé ẹyin, ó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Ó wọlé, ó béèrè fún àga, ó jókòó síwájú àpótí tó gbóná, ó sì ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ itan.

"Ọmọ mi ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan," ó ní.

"Ẹ ṣeun, sà."

Ibẹ̀ ló jókòó sí títí ilẹ̀ fi ń ṣú, tó ń wo ẹyin mi bí ìgbà tó ń wo tirẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ẹyin bá wà nílẹ̀ ló máa ń wá báyìí. Kálàkìnní tí mò ń wá kò tíì jáde. Mi ò sì tíì sọ fún bàbá náà pé mo ti dárí jì í. Mo kàn máa ń gbé àga sílẹ̀ dè é ni, kó tó dé.